Àdírẹ́sì IP Ilé Yín: Ta Ló Ni Ín, Báwo Lẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí pé ilé wa ní àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi lọ́jọ́ tó bá di ìdíwọ́. Ìkànnì kan á kọ̀, kò ní ṣí, á ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì yìí. Google á ní ká kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni wá, ká tẹ gbogbo àwòrán tí bọ́ọ̀sì bá wà. A ó tẹ̀ ẹ́ tán, á tún gbé òmíràn wá. Ọmọ tó ń ṣe géèmù á fẹjọ́ sùn pé ẹni tí òun borí ń rọ́ ìsọfúnni lu ilé wa títí íntánẹ́ẹ̀tì fi kú. Ẹlòmíràn wà ní London, ó fẹ́ wo kámẹ́rà ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, kámẹ́rà ò sì dáhùn.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí wọ́n pa rọ́tà, kí wọ́n tún un tàn, àdírẹ́sì á ti yí padà. Ní ilé kan, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lóòótọ́. Ní ilé kejì, wọ́n á pa á, wọ́n á tàn án títí, nọ́ńbà kan náà ni yóò máa jáde. Ní ilé kẹta, nọ́ńbà á yí padà, àmọ́ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ò ní kúrò. Orí ire kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àdírẹ́sì náà kì í ṣe ti onílé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un ló yá a lò, bí wọ́n bá sì ṣe ń yáni níbẹ̀ ni yóò pinnu bí èèyàn ṣe lè gba òmíràn.

Ti inú ilé àti ti ìta

Àdírẹ́sì méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, ì báà ṣe fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n, ló ní àdírẹ́sì tí rọ́tà fún un. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, nígbà míì 10. Láti oṣù Kejì ọdún 1996 ni àwọn tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ya àwọn nọ́ńbà yìí sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: gbogbo èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168. Kò sẹ́ni tó ń gba àṣẹ kó tó lò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí 192.168.1.5 fi lè wà nílé yín, kó wà nílé aládùúgbò yín, kó tún wà nílé ẹnìkan ní Kútọnu ní ìṣẹ́jú kan náà, kó má sì dá wàhálà kankan sílẹ̀.

Àdírẹ́sì kejì ni rọ́tà fi ń jáde. Òun ni ìkànnì tí ẹ bá bẹ̀ wò ń rí, òun náà ni wọ́n ń dínà mọ́. Ẹ fi wé agbo ilé ńlá kan tó ní yàrá púpọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹnu-ọ̀nà kan péré ló ní sí títì. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà láti ìta, nọ́ńbà ojúlé nìkan ló mọ̀; ẹni tó jókòó sẹ́nu-ọ̀nà ló mọ yàrá tí lẹ́tà ń lọ. Iṣẹ́ tí rọ́tà ń ṣe nìyẹn, NAT ni wọ́n ń pè é. Bí fóònù yín bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìkànnì kan, rọ́tà á bọ́ àdírẹ́sì inú ilé kúrò lára ìbéèrè náà, á fi ti ìta sí i, á sì so nọ́ńbà kékeré kan mọ́ ọn tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Bí èsì bá padà dé, pọ́ọ̀tù yẹn ni yóò fi mọ̀ pé fóònù ló ni ín, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ní kí èèyàn ṣí fèrèsé dúdú orí Windows, kó tẹ ipconfig /release, kó tún tẹ ipconfig /renew. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àdírẹ́sì inú ilé ló ń bá wí. Kọ̀ǹpútà dá 192.168.1.5 padà fún rọ́tà, rọ́tà sì fún un ní òmíràn, tàbí kó tilẹ̀ dá ọ̀kan náà padà fún un. Àwọn tó wà níta ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àfi bí kọ̀ǹpútà bá so tààrà mọ́ ìlà ilé-iṣẹ́ láìsí rọ́tà láàárín ni àṣẹ yẹn fi lè kan ti ìta.

Yíyá ni wọ́n ń yá a

Ètò àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń lò, tí wọ́n ń pè ní IPv4, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Gbogbo àdírẹ́sì tó lè ti inú rẹ̀ jáde kò ju 4,294,967,296 lọ, ìyẹn ò sì tó ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún èèyàn tó wà láyé lónìí, ká má tíì sọ ti ẹni tó ní fóònù méjì àti tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011, èyí tó wà nípamọ́ fún gbogbo ayé tán. Wọ́n pín ìdì márùn-ún tó ṣẹ́ kù fún àjọ márùn-ún tó ń bójú tó agbègbè márùn-ún. Ti Áfíríkà ni AFRINIC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Mauritius. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tó bá lọ tọrọ lọ́dọ̀ AFRINIC, 1,024 ni wọ́n dá a lé pé kò gbọ́dọ̀ gbà jù lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni 1,024 yóò ṣe fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí oníbàárà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù?

Nítorí náà kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kí àdírẹ́sì kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń yáni ni DHCP. Bí rọ́tà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, á ké sórí ìlà pé òun ń wá àdírẹ́sì. Sáfà ilé-iṣẹ́ á dáhùn, á fún un ní ọ̀kan, á sì sọ iye àkókò tó lè fi lò ó. Ẹ jẹ́ ká ní wákàtí 24 ni. Rọ́tà kì í dúró kí ó pé. Bó bá di wákàtí 12, á padà lọ bá sáfà náà pé kó fi kún un fún òun. Bí kò bá rí èsì, á tún máa gbìyànjú; nígbà tó bá di wákàtí 21, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ sáfà èyíkéyìí tó bá lè gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí èsì bá ń wá, àdírẹ́sì kan náà lè wà lọ́wọ́ rọ́tà fún ọdún kan gbáko, kí onílé má sì san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pa rọ́tà fún ìṣẹ́jú kan. Àkókò tí wọ́n fi yá a ò tíì pé. Rọ́tà tàn, ó ké pe sáfà, ó sì sọ nọ́ńbà MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ mọ́ ọn lára. Sáfà wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé oníbàárà àná nìyí, ó sì dá nọ́ńbà tó ní lánàá padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, ìlànà ló sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àkókò náà kọjá kó tó tàn án, kí sáfà lè ti fi ti tẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kó fi nọ́ńbà MAC mìíràn lọ bá sáfà. Ní ilé tí iná mànàmáná ti máa ń lọ láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò sì sí bátìrì lára rọ́tà, àdírẹ́sì lè ti yí padà láìmọye ìgbà láìsí ẹni tó fura.

Ọ̀nà kejì ni PPPoE, tó wọ́pọ̀ lórí ìlà tẹlifóònù àti lórí fáíbà. Níbẹ̀, rọ́tà ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó fi ń wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé tuntun ló lè gba àdírẹ́sì tuntun. Àwọn ará wa tó ń lo BT ní Ìlú Ọba mọ èyí dáadáa: ẹ pa rọ́tà, ẹ tàn án, nọ́ńbà ti yàtọ̀. Ẹni tó wà lórí wáyà Virgin Media ní àdúgbò kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí kó má rí ìyàtọ̀, nítorí nọ́ńbà MAC ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ní Jámánì, Deutsche Telekom fi ọ̀pọ̀ ọdún já ìlà DSL lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, kí gbogbo ilé lè gba àdírẹ́sì tuntun. Àwọn tó ń ṣe rọ́tà FRITZ!Box tilẹ̀ fi ibi kan sínú rẹ̀ tí onílé ti lè sọ pé kí jíjá yẹn wáyé láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tó jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ nìkan ti tó láti tún so pọ̀. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí ìpààrọ̀ àdírẹ́sì ti rọrùn fún aráàlú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹnu-ọ̀nà yín kì í ṣe tiyín nìkan

Nàìjíríà yàtọ̀, ẹ̀kọ́ tó sì ṣe pàtàkì jù fún wa nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí síìmù, ì báà jẹ́ MiFi tàbí rọ́tà 4G àti 5G. Nítorí pé àdírẹ́sì ò kárí, ilé-iṣẹ́ náà ṣe NAT tirẹ̀ sórí NAT tó wà nílé yín. CGNAT ni wọ́n ń pe èyí. Àdírẹ́sì tó dé ọ̀dọ̀ rọ́tà yín kì í ṣe ti gbangba rárá. Abẹ́lé ilé-iṣẹ́ náà ló wà. Nígbà tó bá dé ẹnu-ọ̀nà ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń bọ́ sí gbangba ni wọ́n ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo ọ̀pọ̀ oníbàárà, tí pọ́ọ̀tù sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ń ṣe bákan náà fún àwọn oníbàárà tó wà nílé.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé. Ẹ ṣí bíráúsà, ẹ tẹ 192.168.8.1 síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìkànnì sí bó bá jẹ́ MiFi Huawei, tàbí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rọ́tà máa ń sọ èyí tó jẹ́, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Status tàbí Device Information sí. Láàárín àwọn ìlà tó wà níbẹ̀, ọ̀kan máa ń jẹ́ WAN IP Address. Ẹ kọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ Google: what is my IP. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra.

Bí wọ́n bá bára mu, ẹnu-ọ̀nà tiyín ni. Bí wọn ò bá bára mu, tí ti inú rọ́tà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 àti 100.127, abẹ́ CGNAT lẹ wà. Oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n ya ìdì 100.64 yẹn sọ́tọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin nọ́ńbà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onílé pọ̀. Bí ẹnìkan tí ẹ ò mọ̀ rí, tó wà ní òpin ìlú kejì, bá ń fi jìbìtì yọ ìkànnì kan lẹ́nu láti orí àdírẹ́sì tẹ́ ẹ jọ ń lò, ẹ̀yin náà á bá a jìyà rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwòrán bọ́ọ̀sì tí Google ń ní ká tẹ̀ wá láti ibẹ̀: èèyàn púpọ̀ ló ń béèrè nǹkan láti ojúlé kan ṣoṣo, Google sì rò pé ẹ̀rọ ni. Ó dùn mí pé aláìṣẹ̀ ló ń jẹ ìyà yìí, ó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Kámẹ́rà Ìbàdàn náà nìyẹn: ẹni tó wà ní London ò lè kan ilẹ̀kùn, nítorí pé ẹnu-ọ̀nà ńlá ilé-iṣẹ́ kò mọ ilé tí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò retí yẹn ń lọ, á sì dà á nù. Pípààrọ̀ àdírẹ́sì kò ní yanjú rẹ̀. Kámẹ́rà òde òní tó ní áàpù máa ń rọ́nà gbà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń ti inú ilé pe sáfà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tí olówó rẹ̀ á sì lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ògbólógbòó kámẹ́rà tí kò ní irú rẹ̀ nílò àdírẹ́sì gbangba tí kì í yí padà, èyí tí wọ́n ń pè ní static IP. Ilé-iṣẹ́ fáíbà púpọ̀ ń tà á lówó oṣooṣù fún ẹni tó bá béèrè. Bí ti gbangba bá wà àmọ́ tó ń yí padà, iṣẹ́ bíi No-IP àti DuckDNS wà, tí ń fún ilé ní orúkọ kan tí kì í yí, tó sì ń tẹ̀ lé nọ́ńbà náà kiri.

Ṣíṣe é

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kọ àdírẹ́sì tó wà níta báyìí sílẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó yí padà.

Bó bá jẹ́ pé orí síìmù lẹ wà, ẹ tẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tó wà lórí fóònù, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó tún un tẹ̀. Ti MiFi àti rọ́tà 4G, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, tàbí kẹ́ ẹ wọ ojú ìwé rẹ̀, kẹ́ ẹ pa Mobile Data, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tó bá padà wọlé, nẹ́tíwọ̀kì lè fún un ní nọ́ńbà abẹ́lé tuntun, ó sì ṣeé ṣe kí ó bọ́ sábẹ́ àdírẹ́sì gbangba mìíràn. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ló ń yàn án, kì í ṣe rọ́tà.

Lórí fáíbà tàbí wáyà tó jẹ́ ti DHCP, ẹ pa rọ́tà kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ẹ má tàn án títí àkókò tí wọ́n fi yá a á fi kọjá; òru kan lè tó níbi tí àkókò náà bá kúrú. Bí àpótí méjì ni, èyí tí fáíbà wọ̀ àti èyí tó ń pín Wi-Fi, ẹ pa méjèèjì. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MAC Clone sí nínú ojú ìwé rọ́tà. Ibẹ̀ ni rọ́tà ti lè fi nọ́ńbà MAC mìíràn lọ bá sáfà. Ẹ kọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ o, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi nọ́ńbà MAC mọ oníbàárà tó san owó; bẹ́ ẹ bá yí i, íntánẹ́ẹ̀tì lè kú pátápátá títí ẹ ó fi dá a padà tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n. Bó bá jẹ́ PPPoE, ẹ já ìsopọ̀ náà lójú ìwé rọ́tà, kẹ́ ẹ tún un so. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tẹ inú ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rọ́tà. Ìyẹn máa ń pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, títí kan orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ò sì ní in lọ́wọ́. Ẹni tó tẹ ihò yẹn lálẹ́ Sátidé á dúró di ọjọ́ Ajé kó tó rí òṣìṣẹ́ tó máa bá a tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń rọ́ ìsọfúnni lu ilé yín, àdírẹ́sì tuntun á fún yín nísinmi títí yóò fi tún rí èyí tuntun, nítorí náà kí ọmọ tó ń ṣe géèmù yẹra fún ibi tí ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu ti rí àdírẹ́sì náà lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti kọ àdírẹ́sì yín sínú ìwé àwọn tó ń fi ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè fún (spam) ránṣẹ́, ẹ lọ sí ìkànnì Spamhaus, tó ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà náà wò. Ẹ má bẹ̀rù bẹ́ ẹ bá rí i nínú PBL, ọ̀kan lára àwọn ìwé wọn: àdírẹ́sì ìta ti àwọn ilé gbígbé ló kún ibẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí ilé máa fi ímeèlì ránṣẹ́ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ sáfà ímeèlì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwé mìíràn tó sọ pé ẹ̀rọ kan nílé yín ti ní kòkòrò, ẹ wá ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ nǹkan kan. Kòkòrò kan náà á ba àdírẹ́sì tuntun jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

VPN, àti èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Nàìjíríà dí Twitter pa nípasẹ̀ àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá pààrọ̀ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún lákòókò yẹn ò lè rí Twitter, nítorí inú ilé-iṣẹ́ tó ń yá a ní àdírẹ́sì gan-an ni ìdènà wà. VPN ló ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó máa ń di gbogbo ohun tó ń jáde láti inú fóònù sínú àpò tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ò lè yọjú wò, á gbé e dé sáfà kan ní ìlú òkèèrè, ibẹ̀ ni yóò sì ti tú u. Àdírẹ́sì sáfà yẹn ni gbogbo ayé á rí. Àdírẹ́sì tí wọ́n fún ilé yín ò yí padà. Ẹ kàn gba ẹnu-ọ̀nà ẹlòmíràn jáde ni.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ni ẹnu-ọ̀nà náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tú nẹ́tíwọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní 911 S5 ká. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe VPN ọ̀fẹ́, MaskVPN àti DewVPN wà lára wọn. Ẹni tó bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé òun ń gba àdírẹ́sì tuntun, àmọ́ lábẹ́lẹ̀, àdírẹ́sì ilé tirẹ̀ ni wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀daràn láti fi ṣe jìbìtì. Àdírẹ́sì mílíọ̀nù 19 ni wọ́n fi kó sọ́wọ́, ní nǹkan bí igba orílẹ̀-èdè. Bí ọlọ́pàá bá wá olè, ilé ẹni tó gba VPN ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà náà á júwe. Bẹ́ ẹ bá máa lo VPN, ẹ san owó fún èyí tí ẹ mọ ẹni tó ni ín.

Ohun tí kì í yí padà

Àdírẹ́sì tuntun kì í sọ èèyàn di ẹni tuntun. Bẹ́ ẹ bá ṣì wà lórí àkáǹtì Google tàbí Facebook yín, wọ́n mọ̀ yín. Kúkì tí ìkànnì fi sínú bíráúsà lánàá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Fóònù tó ń lo sátẹ́láìtì ojú òfuurufú láti mọ ibi tí ẹ wà kò nílò àdírẹ́sì IP kó tó sọ ọ́. Ìkànnì tó dínà mọ́ àkáǹtì yín, tí kì í ṣe àdírẹ́sì, kò ní ṣí nítorí rọ́tà tẹ́ ẹ pa.

Pípààrọ̀ àdírẹ́sì kò sì bo ẹnikẹ́ni lójú òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, tó jáde ní ọdún 2015, sọ ní abala 38 pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iṣẹ́ náà tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlò àti ti oníbàárà fún ọdún méjì. Ìwé tí wọ́n ń kọ sí ní ẹnu-ọ̀nà CGNAT, èyí tó ní aago, àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù, ni wọ́n fi ń mọ ilé tó jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ tó ń lo nọ́ńbà kan. Àdírẹ́sì nìkan láìsí aago àti pọ́ọ̀tù kò lè tọ́ka sí ilé kan nígbà yẹn, ó sì dára kí agbẹjọ́rò mọ èyí.

Ibi tí àdírẹ́sì júwe pàápàá, ìfojúdíwọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, MaxMind, ń ta ìwé tó ń sọ ìlú tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wà. Èyí tí wọ́n bá mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni, àmọ́ tí wọn ò mọ ìlú rẹ̀, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sí àárín orílẹ̀-èdè náà, ojú kan tó bọ́ sórí oko kan nítòsí Potwin, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Àdírẹ́sì tó lé ní mílíọ̀nù 600 ló ń tọ́ka sí oko yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá, FBI àti àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ń wá ká àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ́lé, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọdún 2016 ni ìròyìn náà tú síta, tí MaxMind sì gbé ojú kan náà lọ sínú omi adágún. Nítorí náà bí ìkànnì kan bá ní Kánò lẹ wà nígbà tí ẹ wà ní Òṣogbo, kò sí ohun tó bàjẹ́ nílé yín.

Ó ku IPv6, ètò tuntun tí àdírẹ́sì rẹ̀ gùn, tó ń lo lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, tí àmì (:) sì ń là á láàárín. Ó pọ̀ débi pé kò sídìí fún NAT: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé lè ní ti gbangba tirẹ̀. Ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní ń yí padà fúnra wọn, ó sábà máa ń jẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n má bàa máa tọpa ẹ̀rọ kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń júwe ilé, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nìyẹn sì ti ń wá. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè, ẹ lọ sí ìkànnì tó ń fi IPv4 àti IPv6 hàn pọ̀, kẹ́ ẹ wo ìlà méjèèjì. Bí ti IPv4 bá yàtọ̀, àmọ́ tí ìbẹ̀rẹ̀ ti IPv6 ṣì rí bó ṣe wà, ìkànnì tó ń gba IPv6 á ṣì máa rí ilé àtijọ́. Ẹ padà sí ojú ìwé rọ́tà, ẹ pa IPv6, ẹ tún ìkànnì náà ṣí, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìlà kan ṣoṣo ló kù.